Fláàṣì Tí Wọ́n Gbé Sórí Pẹpẹ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ìyá tí Moríyọ̀ jẹ́, ẹ bi àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Yaba, nílùú Oǹdó. Wọ́n á sọ fún yín pé bí ọmọ rẹ̀ bá sín ní Àkúrẹ́, òun á ti kúnlẹ̀ ní Oǹdó. Aránṣọ ni obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí fún un, Gbémiga. Gbémiga ti di géńdé, irùngbọ̀n ti kún un lẹ́nu, ó ti gbalé sí Àkúrẹ́, ó sì ń bọ́ ara rẹ̀. Àmọ́ ẹ dán an wò, ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ náà ti dàgbà. Ẹ ó gbọ́ ohun tí ẹ ò fẹ́ gbọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Gbémiga ń ṣe. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àkúrẹ́ ló ń bá tọ́jú èsì ìdánwò àwọn ọmọ wọn, òun àti Bísọ́lá, ọmọbìnrin tó ń fẹ́, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan dúró sẹ́yìn Gbémiga, ó ń bá a ṣàwàdà, àṣé ojú rẹ̀ wà lára ọ̀rọ̀ aṣínà tí Gbémiga ń tẹ̀. Bí Gbémiga ṣe jáde lọ jẹun báyìí, onítọ̀hún wọ inú kọ̀ǹpútà, ó sọ ọmọ olódo di ọmọ tó gba ipò kìíní. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni Gbémiga ti ra fláàṣì pupa kékeré kan, tó sọ ọ́ di kọ́kọ́rọ́. Bí fláàṣì náà kò bá sí lára kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kò ní ṣí fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe Gbémiga fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú rẹ̀.

Ó ti fi han ìyá rẹ̀ rí. Ó tì í bọ kọ̀ǹpútà lára, ojú kọ̀ǹpútà tàn. Ó fà á yọ, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

"Ẹ rí i, Màámi? Bí mo bá ti yọ ọ́, ó parí. Kò mọ ìyá, kò mọ bàbá."

"Bó bá wá sọnù ńkọ́, ọkọ mi?"

"Kí ní máa sọ ọ́ nù? Inú àpò ṣòkòtò mi ló ń sùn."

Òótọ́ ló sọ. Ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi. Bí Gbémiga bá ń jẹun, á fọwọ́ kan àpò rẹ̀ wò. Bó bá fẹ́ wẹ̀, á gbé fláàṣì náà sójú fèrèsé níbi tí ojú rẹ̀ ti tó o. Moríyọ̀ ń rí gbogbo èyí, ó sì ń fi í sọ́kàn.

Ọ̀nà ò wá dáa mọ́ lásìkò tí à ń wí yìí. Ajínigbé wà nínú igbó, àwọn aláṣọ dúdú kan tí wọ́n pe ara wọn ní agbófinró sì wà lójú títì, ìyá ọlọ́mọ ò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ti gbé kọ̀ǹpútà dání, tó tún wọṣọ tó dáa, ọmọ yàhúù ni lójú wọn, ó ń lu òyìnbó ní gbájúẹ̀ nìyẹn. Ni Pásítọ̀ Ọládiípọ̀, olùṣọ́ ìjọ kékeré tí Moríyọ̀ ń lọ, bá kéde ọ̀sẹ̀ ààbò. Ó ní kí olúkúlùkù òbí mú ohun kan tó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ wá sórí pẹpẹ, ohun tí ara ọmọ náà ti kàn, kí wọ́n da òróró sí i, kí ààbò lè bá ọmọ náà níbikíbi tó bá wà.

"Aṣọ ni o, fìlà ni o, bàtà ni o," ni pásítọ̀ wí, "Ọlọ́run mọ ẹni tó ni ín."

Kì í ṣe àṣà tuntun láàárín wọn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun á gbé fọ́tò rẹ̀ wá, ìyá awakọ̀ á gbé aago ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wá. Moríyọ̀ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Aṣọ? Aṣọ Gbémiga pọ̀, èyí tó wọ̀ lónìí kọ́ ló máa wọ̀ lọ́la. Fláàṣì yẹn ni kì í kúrò lára rẹ̀. Ibi tí fláàṣì bá wà, ibẹ̀ ni Gbémiga wà. Lójú tirẹ̀, ohun tó tọ́ kí òróró kàn nìyẹn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kò béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Họ́wù! Nítorí ó mọ èsì tó máa gbọ́ ni. Gbémiga kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Pásítọ̀ Ọládiípọ̀ sétí, ó ní ariwo ọkùnrin náà pọ̀ ju àdúrà rẹ̀ lọ. Bí ìyá rẹ̀ bá béèrè, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre." Ìyá mìíràn á gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Moríyọ̀ kọ́ nìyẹn.

Gbémiga wálé ní Sátidé. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, bó ṣe ń hanrun lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ yọ́ wọ yàrá, ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò tó gbé kọ́ ara ìṣó, ó mú fláàṣì, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Èrò rẹ̀ ni pé wọ́n á gbàdúrà sí i, òun á sì ti dá a padà sápò kí ọmọ tó mọ̀.

Wọ́n gbàdúrà sí i lóòótọ́. Wọ́n to fìlà àti bàtà sórí aṣọ funfun, wọ́n sì kó àwọn ohun kéékèèké sínú abọ́ tánganran kan: òrùka, aago, ẹ̀gbà ọwọ́, àti fláàṣì pupa Gbémiga láàárín wọn. Pásítọ̀ da òróró lé wọn lórí títí gbogbo wọn fi rì. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí ìjọ.

"Ohun tó bá ti gun orí pẹpẹ yìí, kò ní sọ̀ kalẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yìí á fi parí. Ẹni tó bá mú tirẹ̀ kúrò, ó ti fa ọmọ rẹ̀ yọ kúrò lábẹ́ ààbò nìyẹn."

Àmín tí ìjọ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páànù òrùlé. Ó yẹ kí Moríyọ̀ dìde. Ó yẹ kó sọ pé, "Pásítọ̀, ẹ dákun, mi ò sọ fún ọmọ mi kí n tó mú un." Kò dìde. Ojú ń tì í lójú gbogbo ìjọ, ẹ̀rù ohun tí pásítọ̀ wí sì ń bà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀: àwọn ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, kí ni Gbémiga fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe lọ́sẹ̀ yìí? Bó bá pè, òun á ní ó bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun á fi rán awakọ̀ sí i tí ọ̀sẹ̀ bá parí. Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń to irọ́ jọ bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù.

Nígbà tó délé, Gbémiga ti múra.

"Màámi, ẹ pẹ́ o. Wọ́n ti pè mí láti garaaji, ọkọ̀ Àkúrẹ́ ti fẹ́ kún."

"Ṣé o ò ní jẹun ni?"

"Mo ti fi búrẹ́dì sẹ́nu."

Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ló ń fọwọ́ kan àpò, ọjọ́ yẹn gan-an ni kò kàn án. Moríyọ̀ bá a dé ìkóríta, ó ń súre, ó ń súre, ọ̀rọ̀ náà wá dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí fóònù fi dún. Bísọ́lá ni, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Mọ́mì, wọ́n ti mú Gbémiga o! Àwọn aláṣọ dúdú dá ọkọ̀ wọn dúró lẹ́yìn Òwènà, wọ́n ní kó ṣí kọ̀ǹpútà. Ó wá fláàṣì, kò rí i. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní ọmọ yàhúù ni, pé ó ti jù ú sígbó kí àwọn má bàa rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ti gbé e wá sí Àkúrẹ́, wọ́n jẹ́ kó pè mí, mo ti wà lọ́dọ̀ wọn níbí. Ó ní kí n bẹ̀ yín, ẹ bá òun wá a nílé, bóyá ó bọ́ síbi tí òun sùn sí. Ó ní tí wọ́n bá ti lè rí inú kọ̀ǹpútà yẹn báyìí, wọ́n á fi òun sílẹ̀."

"Yéè! Mo gbé!"

Moríyọ̀ ju fóònù sórí tábìlì, ó sáré jáde láìwọ bàtà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé Pásítọ̀ Ọládiípọ̀ wà. Ó bá a níwájú ilé, ó dojúbolẹ̀ níbẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Nǹkan pupa tí mo gbé wá láàárọ̀, òun ni kọ̀ǹpútà ọmọ mi fi ń ṣí. Àwọn aláṣọ dúdú ti mú ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ fún wọn."

Pásítọ̀ fà á dìde. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́.

"Màmá Gbémiga, ẹ fara balẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀tá ló ń jà? Ọjọ́ tí ẹ gbé ọmọ yín sábẹ́ òróró gan-an ni wọ́n wá mú un. Kí ni ọ̀tá ń wá? Ó fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ni. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ohunkóhun bá ṣe ọmọ yẹn ní àtìmọ́lé, ọrùn yín ló wà o. Mo ti wí tèmi. Ẹ lọ sílé, ẹ lọ gbàdúrà. Wọ́n á tú u sílẹ̀."

Ẹ má tètè dá obìnrin náà lẹ́jọ́. Ó rọrùn fún èmi àti ẹ̀yin tí a jókòó yìí láti sọ pé ká ní àwa ni, à bá ti ti pásítọ̀ ṣubú, ká kọjá. Ìyá tí wọ́n sọ fún pé ọwọ́ òun ló máa pa ọmọ òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbéra. Moríyọ̀ padà sílé. Ó kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń pe Ọlọ́run, àmọ́ ojú rẹ̀ wà lára fóònù.

Fóònù dún. Bísọ́lá náà ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jìnnà, bí ìgbà tí wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí i?"

Kí ni kó wí? Kó ní òun mọ ibi tó wà, òun ò kàn lè mú un ni? Irọ́ tó ti tò kalẹ̀ láti àárọ̀ ló sáré wá sẹ́nu rẹ̀.

"Mo ṣì ń wá a, ọmọ mi. Mo ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti wo gbogbo ibi. Bóyá kò tiẹ̀ sí nílé níbí."

Ohùn ọkùnrin kan ló dáhùn, kì í sì í ṣe Moríyọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "O gbọ́? Ìyá rẹ gan-an ló ní kò sí níbẹ̀. O ṣì ń purọ́ fún wa."

"Màámi!" Gbémiga ni. "Màámi, ẹ wá a dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ó wà nílé—"

Moríyọ̀ gbọ́ ìró nǹkan kan tó ba ara, ó gbọ́ igbe, fóònù sì dákẹ́. Ó pè é padà, kò lọ. Ó tún pè é, kò lọ.

Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Moríyọ̀ mú àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ, kò ya ọ̀dọ̀ pásítọ̀ kankan mọ́. Ó gé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ó yọ àwọn gíláàsì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, obìnrin tí eékún ń dùn, tí kì í lè gun àga láìdi ẹnì kan mú, ó gba ojú fèrèsé wọlé. Gíláàsì gé e lápá, kò mọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ inú abọ́ òróró orí pẹpẹ, ó ń fọwọ́ wá a kiri láàárín òrùka àti aago. Ó ń bẹ Ọlọ́run, ó ń bú Pásítọ̀ Ọládiípọ̀, ó ń bú ara rẹ̀, ẹnu kan náà ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba fláàṣì náà.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tó dé garaaji. Kò sí awakọ̀ tó gbà láti gba igbó Òwènà kọjá lásìkò yẹn. Ó bẹ̀ wọ́n, ó sunkún, ó ṣépè lé wọn.

"Màmá, ẹ má bínú," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "àwa náà bímọ."

Orí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ń fi gèlè nu fláàṣì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó tún ń nu ún.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra ló gbé e dé Àkúrẹ́. Bísọ́lá, tí fóònù rẹ̀ ti wá lọ láàárọ̀, ti ń dúró dè é ní garaaji, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Kò bi í pé níbo lẹ ti rí i. Ó kàn gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì forí lé ilé tí wọ́n ti Gbémiga mọ́, ilé kan báyìí tí kò ní pátákó kankan níwájú. Ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹ àkàrà lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà Gbémiga wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Moríyọ̀ kúnlẹ̀, ó na fláàṣì sí i.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, òun nìyí. Ọmọ mi ò purọ́. Mo ti rí i."

Ọ̀gá náà nu ọwọ́, ó ti fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà dúdú lọ gbuurugbu. Ó yọ ọ́, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Kò ṣí.

"Màmá, eré lẹ gbé wá síbí?"

Bísọ́lá ò tọrọ ààyè. Ó gba fláàṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi etí búláòsì rẹ̀ nu ẹnu rẹ̀ tinú tòde, ó tì í bọ ihò kejì. Ojú kọ̀ǹpútà tàn.

Orúkọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Olúwatúnmiṣe mọ ìṣirò dáadáa. Oyèbọ́lá nílò kó túbọ̀ tẹra mọ́ ìwé kíkà. Peculiar kò yege nínú Yorùbá. Ọ̀gá náà ń fi ìka yí i lọ sílẹ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n kó òyìnbó sí. Kò rí òyìnbó kankan.

"Èsì ìdánwò?" Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. "Èsì ìdánwò ló ń tì pa báyìí?" Ó pa kọ̀ǹpútà dé. "Màmá, ká ní ẹ mú nǹkan yìí wá lánàá ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má dé ibi tó dé. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò sí nílé? Ẹnu yín la ti gbọ́ ọ o. Bí ìyá bá sọ bẹ́ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbà gbọ́?"



Wọ́n mú Gbémiga jáde látẹ̀yìn. Àwọn méjì ló gbé e lápá. Síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni wọ́n fi di orí rẹ̀ àti ojú òsì, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn lára. Moríyọ̀ fi igbe ta, Bísọ́lá ló gbá a mú kó má fi orí gbalẹ̀.

"Ẹ máa mú un lọ," ni ọ̀gá náà wí. "A ti parí ìwádìí wa."

Ìwádìí! Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é o. Kò sẹ́ni tó ní pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá náà ti padà sídìí àkàrà rẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní ẹyinjú òsì ti fọ́, ó ní bí àwọn ò bá tètè yọ ọ́, ó lè ran ìkejì. Wọ́n yọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kó jókòó, Bísọ́lá jáde lọ ra oògùn, ó ku ìyá àti ọmọ. Gbémiga yí ojú tó kù sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, níbo lẹ ti wá rí i?"

Irọ́ náà ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ọmọ náà á gbà á, inú rẹ̀ á sì máa bà jẹ́ sí ara rẹ̀ pé òun ni òun sọ nǹkan òun nù. Moríyọ̀ la ẹnu láti pa á. Òótọ́ ló jáde. Ó sọ ti ìṣó àti àpò ṣòkòtò, ó sọ ti òróró, ó sọ ti pásítọ̀. Ó sọ pé nígbà tí òun ń sọ lórí fóònù pé òun ò rí i, òun mọ ibi tó wà. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ń wò títí ó fi sọ ọ́ tán, kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀.

Ká ní Gbémiga bú u ni, ara Moríyọ̀ ì bá fúyẹ́ díẹ̀.

"Màámi," ó wá ní, "ṣẹ́ẹ̀tì mi wà lára ìṣó kan náà. Ẹ̀ bá mú ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ bá tiẹ̀ kúkú béèrè, ǹ bá bọ́ tọrùn mi fún yín."

"Mo fẹ́ kí Ọlọ́run dáàbò bò ọ́ ni, ọkọ mi. Òun nìkan ni mo fẹ́."

"Mo mọ̀."

Moríyọ̀ bú sẹ́kún. Gbémiga jẹ́ kó sunkún tó, ó wá ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ìyá rẹ̀ fi etí ìró nu ojú, ó bu omi sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ọmọ náà na ọwọ́ láti gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù, ó gbá afẹ́fẹ́ mú. Ó tún nà án, ó tún kọjá. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú, ó sì gbé kọ́ọ̀bù lé e.